Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Fùwàd Àlàó, Oníṣẹ́ Abẹ Tí Wọ́n Pè ní Mẹ́gáàdì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, ní New Bell, àdúgbò kan ní Douala ní ilẹ̀ Cameroon, nínú ilé onípákó kan tí òjò máa ń wọ̀ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ni a bí Fùwàd Àkànní Àlàó. Ọmọ Alhaji Muzzammil Àlàó ni, ọmọ bíbí Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, tí wọ́n ta aṣọ ní Marché Central, ọjà ńlá Douala, títí wọ́n fi darúgbó. Ìyá rẹ̀ ni Alhaja Àìṣà Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù kẹjọ ní Douala mọ̀ pé ọmọ tuntun ní láti ké ju òjò lọ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́. Fùwàd kò ké. Ó ń sùn ni. Ìyá wa ní ọmọ tó ń sùn báyìí yóò di ọlọ́lá. Wọn kò mọ̀ pé oorun gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń sùn sílẹ̀.

Àwa ẹbí Àlàó kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹ̀dùn, a kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Yẹ̀kínnì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí, nítorí òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n ni, nítorí náà "ó" ni yóò máa fi pe olóògbé, kì í ṣe "wọ́n". Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó máa fi "wọ́n" kà á nínú ọkàn rẹ̀.

Ní ọdún 1967 ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé Faransé ní New Bell, tó sì ń lọ sí ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń mú un lọ́wọ́ lọ, títí ẹ̀gbọ́n náà fi kúrò níbẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, nítorí olùkọ́ kan sọ lójú gbogbo ènìyàn pé àgbọn tí kò lómi ni orí rẹ̀. Olùkọ́ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Fùwàd ní tirẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó gba ìwé ẹ̀rí girama ní 1980, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yaoundé, ó sì di dókítà ní 1988. Ọjọ́ tó dé, Bàbá wa gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ẹni tó bá ń wú ikọ́ kó má lọ.

Ní ọdún 1990 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Douala níbí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Elkanah, ẹni tó ń gbé ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó. Àwọn ọmọ olóògbé ní kí a fi "wọ́n" pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà nínú ìwé yìí. Ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbà. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ abẹ kì í sùn, ó kàn máa ń di ojú rẹ̀ díẹ̀ ni. Àsìkò náà ni gbogbo wa mọ̀ sí la crise. Owó kò sí, oògùn kò sí, aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn dókítà tó lè sá ti sá lọ sí Faransé, àwọn tó kù sì pín iṣẹ́ àwọn tó sá. Fùwàd á wọlé láàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kejì bí ẹni pé ìgbà náà ló ń dé.

Àárẹ̀ yìí fi ara hàn. Ó bu gààrí sínú kọfí, ó mu ún tán, ó sì ní kọfí náà ki. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ó forí kanlẹ̀ nínú ìrun, kò sì gbé e sókè mọ́. Àwọn ènìyàn kí ìrun tán, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Lèmọ́mù fi ṣe wáàsí lọ́sẹ̀ kejì, pé ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé tó sì tún mọ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ bó ṣe ń hanrun, ṣùgbọ́n wáàsí náà dára, kò sì bà á jẹ́.

Ní ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ gáàdì ṣẹlẹ̀. Kò sí tẹlifóònù nílé wa. Ọ̀dọ̀ Franck, aládùúgbò wa, ni a ti ń gba ìpè, Larissa ọmọ rẹ̀ ló sì máa ń wá jíṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ní kí Larissa bá àwọn pe ilé ìwòsàn, kó bi wọ́n léèrè ìdí tí Fùwàd kò fi wá sílé mọ́. Ọmọbìnrin náà padà wá, ó ní: "Papa Àlàó, Fùwàd est de garde." Ohun tó túmọ̀ sí lédè Faransé ni pé Fùwàd ni dókítà tí kò gbọdọ̀ kúrò nílé ìwòsàn, nítorí àwọn tí wọ́n bá gbé dé láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ọjà ni Bàbá wa gbọ́. Gáàdì tí àwọn mọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni, òun náà ni mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Bàbá bi í pé: "Gáàdì kẹ̀? Fùwàd?"

Larissa ní: "Oui, papa. Gbogbo òru."

Bàbá wa jókòó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún yẹn wọ́n ti gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó gboyè ní yunifásítì ń fi bẹ́ńsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà, gbé èrò ní Marché Central, tíṣà kan sì ń ta mọ́ínmọ́ín. Kò sí ohun ìyanu nínú kí wọ́n fi dókítà ṣe mẹ́gáàdì. Bàbá sunkún díẹ̀, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín. Wọ́n ra tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, aṣọ òjò, àti kẹ́tùlù fún àlùwàlá, nítorí kò sí mẹ́gáàdì tí kò ní kẹ́tùlù. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n gbé ẹrù náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n kí mẹ́gáàdì tó wà níbẹ̀, bàbá arúgbó kan tó wá láti Maroua ní àríwá Cameroon, wọ́n sì ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ọmọ wo ọmọ mi. Wọ́n ní abẹ́ yín ni wọ́n fi í sí. Fùwàd ni."

Bàbá arúgbó náà ronú, ó ní: "Fùwàd? Mo mọ̀ ọ́n, Alhaji. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún un kó wọlé. Kó jáde, n kò rí i rí. Èmi tí mo jẹ́ mẹ́gáàdì, mò ń lọ sílé láàárọ̀."

Bàbá wa padà sílé, wọ́n ní ìyà tó ń jẹ mẹ́gáàdì tuntun ju ti àtijọ́ lọ. Tọ́ọ̀ṣì náà kò ṣòfò o. Nígbà tí iná bá lọ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, òun ni wọ́n ń tàn.

Ìròyìn náà ti dé etí Alhaji Ṣóbọ̀wálé kí Bàbá tó bọ́ bàtà. Alhaji Ṣóbọ̀wálé ló ń ta lésì ní ìlà kejì sí tiwa, Màríyàm ọmọ wọn sì ni a ti bá Fùwàd tọrọ. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí a dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Bàbá wa lọ bẹ̀ wọ́n. Alhaji Ṣóbọ̀wálé ní: "Àlàó, ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì tèmi ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, n kò fún un lọ́mọ. Ṣé tìrẹ ni n ó wá fún?"

Fùwàd gba àyè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ funfun, ó lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó sórí àga tìmùtìmù ní pálọ̀. Ó ní: "Bàbá, ẹ kú ilé. Lórí ọ̀rọ̀ gáàdì yìí..." Wọ́n ń retí ìyókù. Ó ti sùn.

Alhaji Ṣóbọ̀wálé na ọwọ́ sí i, wọ́n ní: "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ló ń sùn lọ́sàn-án gangan bí kò ṣe mẹ́gáàdì?"

Màríyàm lọ mú ìrọ̀rí, ó tì í sábẹ́ orí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní: "Ó ti rẹ̀ ẹ́, bàbá mi." Màríyàm fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ọjọ́ náà ni òun pinnu, nítorí ẹni tó bá wá parọ́ kì í sùn lé irọ́ rẹ̀ lórí.

Kò pẹ́ sí i tí ìfun Alhaji Ṣóbọ̀wálé yọ sábẹ́ awọ ní ìsàlẹ̀ ikùn, tó há síbẹ̀, tí kò lè padà. Takisí ni wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn lọ́sàn-án. Dókítà tó wà ní gáàdì ni Fùwàd, láti ìjẹta ló sì ti wà lórí ìdúró. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní a gbọ́dọ̀ la ibẹ̀ lónìí. Ó lọ sídìí tẹlifóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní Bonapriso. Àwa tí a dúró ti aláìsàn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wà lórí oúnjẹ. Ó ní kí Fùwàd dá a ṣe.

Fùwàd ní: "Ọ̀gá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Okùn abẹ́rẹ́ ń di méjì lójú mi. Ẹ̀yin ti sùn, ẹ kò sì jìnnà. Ẹ wá mú ọ̀bẹ, èmi á bá yín di nǹkan mú. Bí ẹ bá ní ẹ kò wá, n ó ṣe é, nítorí kò ṣeé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ sọ fún aláìsàn pé láti ìjẹta ni n kò ti sùn, kó mọ irú ọwọ́ tó ń bọ̀ nínú ikùn òun."

Alhaji Ṣóbọ̀wálé gbórí sókè lórí ibùsùn. "Ẹ má jẹ́ kí mẹ́gáàdì gé mi o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Fùwàd sọ sínú tẹlifóònù pé: "Ọ̀gá, aláìsàn náà ti gbà pẹ̀lú mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dé, òróró ọbẹ̀ ṣì wà létè rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa. A kò lè sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó pe Fùwàd níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ó ní kó má wá mọ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa sùn kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ taṣọ. Ẹ̀gbọ́n náà kò gbàgbé gbólóhùn yìí. Kò sí aláṣọ kan ní Marché Central tó ń sùn.

Ẹ jẹ́ kó yé yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò bá fọwọ́ sí i pé Fùwàd ti kọ́ṣẹ́ yege, kò sí ilé ìwòsàn tí yóò gbà á láti máa ṣiṣẹ́ abẹ. Gbogbo ọdún tó ti lò yóò di asán. Fùwàd wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó dùbúlẹ̀ sórí ìdì àǹkárá, ó sùn. Nígbà tó jí, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò gbọ̀n mọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Báyìí tí n kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló wá dúró jẹ́ẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, Fẹ̀yìntọlá lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú egbò Alhaji Ṣóbọ̀wálé, òun ló sì tú ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ó ní: "Bàbá, gáàdì tí wọ́n ń wí kì í ṣe mẹ́gáàdì. Òun ni kí dókítà má lọ sílé nítorí irú yín."

Alhaji Ṣóbọ̀wálé fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara wọn sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní: "Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

Wọ́n ní: "Télọ̀ mi kò sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Ó sì ti ba lésì mi jẹ́ yánmọyànmọ."

Bí wọ́n ṣe lè rìn, àwọn gan-an ló kó àwọn àgbà wa jọ, pé kí a lọ bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n náà nílé rẹ̀ ní Bonapriso, bí a ti ń bẹ èèyàn nílé wa. Yẹ̀kínnì sọ láti New Bell pé òun á bá wọn lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jáde sórí kóríko iwájú ilé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, ó ní kí la fẹ́. Àwọn àgbà wo ojú ara wọn, gbogbo wọn sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, agbádá bo kóríko.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé wọ́n dákú. Ó sáré lọ bá Bàbá wa tó sún mọ́ ọn jù, ó kúnlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó ń tẹ́tí sí i, ó ṣí ìpéǹpéjú wọn, ó sì ń pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé àpò wá. Bàbá wa ní tiwọn rò pé bí àwọn ará Bonapriso ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń sọ pé: "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á dá yín lóhùn." Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbójú sókè, ó rí Yẹ̀kínnì tó dúró gbọn-in. Ó bi í lédè Faransé pé: "Èyí ńkọ́? Kò ṣe é?"

Yẹ̀kínnì dá a lóhùn pé ara òun le, inú ló ń bí òun.

Alhaji Ṣóbọ̀wálé, tí egbò kò jẹ́ kí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀, fara ti igi máńgòrò, wọ́n ṣàlàyé fún un pé ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n ní kí Fùwàd náà bọ́ síwájú. Fùwàd dọ̀bálẹ̀, ó ní lédè wa: "Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bi Alhaji Ṣóbọ̀wálé pé kí ló wí.

"Ó ní kí ẹ má bínú."

"Ṣé ó gbà pé òun jẹ̀bi?"

Alhaji Ṣóbọ̀wálé wo Fùwàd. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí sọ láti ilẹ̀ pé: "Gbà bẹ́ẹ̀, jàre. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ilẹ̀ yìí tutù." Fùwàd kò dìde. Ó sọ lédè Yorùbá pé: "Bàbá, bí mo bá ní mo jẹ̀bi, ohun tí mo sọ ni pé ó yẹ kí n gé yín lọ́jọ́ náà."

Alhaji Ṣóbọ̀wálé fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn wọn. Wọ́n yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, wọ́n ní: "Non. Kí ẹ má bínú nìkan ló wí. Kò wí èkejì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi òun rí bóyá òun sùn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní: "Kó wá lọ́jọ́ Ajé. Bí ó bá ti sùn."

Èyí kì í ṣe pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọ ìtàn yìí ṣì ń retí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú ní 2006, ìyẹn kò sì yí nǹkan kan padà.

Ní oṣù kejì ọdún 1994, nígbà tí owó CFA ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ tí gbogbo ọjà ń pariwo, ni a ṣe yìgì Fùwàd àti Màríyàm ní mọ́sáláṣí New Bell. Wọ́n ti fún un láyè sinmi ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn kan kò dá ọkọ ìyàwó mọ̀, nítorí wọn kò rí i kó la ojú rẹ̀ méjèèjì rí. Alhaji Ṣóbọ̀wálé dìde níwájú àwọn àlùfáà, wọ́n ní àwọn fi ọmọ àwọn fún mẹ́gáàdì tó ṣọ́ ikùn àwọn.

Ó kọ́ṣẹ́ yege ní 1996, nígbà tó sì yá ó di ọ̀gá fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Láràárọ̀, kó tó kí wọn, yóò bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ sùn?" Ẹni tó bá ṣe gáàdì mọ́jú kì í mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bínú tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó máa ń ní òun kò sùn, tó sì jẹ́ pé ilé ijó ló ti ń bọ̀. Fùwàd lé e lọ sùn bákan náà. Ó ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò mọ ohun tó fà á. Nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà, ó jẹ́ akọ̀wé fún ọdún púpọ̀, ó wo àìmọye aláìsàn ní àgbàlá mọ́sáláṣí, ó sì dábàá lọ́dọọdún pé kí ìpàdé máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò gbà á fún un rí.

Ìyàwó rẹ̀ ṣe òfin kan sílé: bí Fùwàd bá sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí i, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Àwọn ọmọ dàgbà sínú òfin náà, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó kí ìrun ọ̀sán, ó jẹun, ó dùbúlẹ̀. Màríyàm dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti ọjà, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá a jà lé lórí, ó jókòó tì í lórí àga, ó ń dúró kó jí. Wọ́n pe ìrun Àsárì, kò jí. Ẹ̀gbọ́n náà lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kàn án, nítorí òfin ilé ni. Àfìgbà tí Màríyàm wọlé, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ni a tó mọ̀ pé a ti ń dákẹ́ fún òkú láti ọ̀sán.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Màríyàm aya rẹ̀. Muzzammil ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, àti ìyàwó rẹ̀. Àìṣà ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Yaoundé, tó sì ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun sùn kí òun tó wọkọ̀ wá. Dàpọ̀, àbíkẹ́yìn, tó wà ní yunifásítì. Àwọn ọmọ-ọmọ, Ràmátù àti Yẹ̀kínnì kékeré. Yẹ̀kínnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àti àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kọ́, tí wọ́n wà káàkiri ilẹ̀ Cameroon.

Fùwàd Àkànní, ọmọ Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run dárí àṣìṣe rẹ jì ọ́, kó fi Alujanna Firidaosi ṣe ibùsùn fún ọ, kó mú ilẹ̀ fúyẹ́ lára rẹ. Ìjà tí mo gbé wá lọ́jọ́ náà, mo ṣì ní in lọ́wọ́. Kò kánjú. Máa sùn, àbúrò mi. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọ, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.